Ọjọ́ Tí Òkété Yà Sósì

Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ náà yóò rò pé orí mi ti dàrú. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó wọ bùbá funfun, tó de gèlè, tó wá ń fò sókè nínú eruku lẹ́yìn Iléṣà, tó ń pariwo pé, "Ó yà! Ó yà sósì! Ẹ wò ó!" Orúnkún tí dókítà ní kí n máa ṣìkẹ́, mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Òkété ló yà sósì. Èmi ni mo sì ní kó yà, láì la ẹnu, láì fà á nírù, láì nà án lẹ́gba.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn kan ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n.

Oko bàbá mi ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo ti mọ òkété. Bàbá mi ní ọ̀pẹ díẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, ihò òkété kò sì wọ́n lábẹ́ wọn rí. Tó bá mú ọ̀kan láàyè, á pè mí. Á fi ọmọ ìka di ọrùn ẹranko náà mú, á fi àtàǹpàkò méjèèjì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, jẹ́jẹ́, ekùrọ́ á sì máa já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wò ó," á ní, "àpò ló ní lẹ́nu. Kì í jẹun lóde. Tí àpò rẹ̀ bá ti kún, ilé ló ń lọ. O lè dáná síwájú rẹ̀, ilé ló ń lọ."

Mo gbọ́, mo sì gbé e pamọ́ sínú, bí ọmọdé ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ pamọ́ láì mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Ohun kejì tí mo gbé pamọ́ kò dùn. Àbúrò ìyá mi, ọkùnrin aláwàdà kan, ń wa góòlù ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà. Ọdún tí mo fẹ́ parí ilé ìwé gíga ni kòtò wó lé e lórí. Mo débẹ̀ kí ọjọ́ tó kanrí. Gbogbo abúlé ti pé jọ, wọ́n sì dákẹ́ lọ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí à ń gbọ́ ọ lábẹ́ ilẹ̀: kó, kó, kó. Òkúta ló ń lù mọ́ òkúta. Àwọn kan ní ọ̀tún ni. Àwọn kan ní òsì ni. Àwọn ará ọ̀tún pọ̀ jù, ọ̀tún ni wọ́n sì gbẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ariwo náà dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n kàn án, apá òsì ló wà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tó lè gba abẹ́ ilẹ̀ lọ bá irú ariwo bẹ́ẹ̀.

Mo di olùkọ́ kékeré ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Mo kà nínú ìwé pé àwọn kan lókè òkun ti ń fi wáyà tín-ín-rín sínú ọpọlọ eku, pé iná kékeré tó bá gba inú wáyà náà lè mú inú eku dùn bí ẹni tó jẹ oyin. Oorun kò kùn mí mọ́. Tí a bá lè mú inú rẹ̀ dùn, a lè kọ́ ọ. Tí a bá lè kọ́ ọ, a lè rán an. Òkété ni mo sì fẹ́ lò, kì í ṣe eku kékeré, torí òkété lágbára láti gbẹ́rù, abẹ́ ilẹ̀ sì nilé rẹ̀. Mo kọ ojú ìwé mọ́kànlá. Mo kọ ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá mi sí i, àti kó, kó, kó. Mo gbé e fún olórí ẹ̀ka wa.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìwé náà sókè níbi ìpàdé. "Ìyàwó wa," ó ní, "ṣé rẹ́díò lẹ fẹ́ gbé sórí òkété ni? Kó lè máa gbọ́ ìròyìn?"

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, tí bátìrì bá tán ńkọ́?"

Òmíràn dá a lóhùn pé, "Ìyẹn ò le. Ẹ gbé omi ọbẹ̀ kaná."

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà ní n kò mọ àwàdà.

Lẹ́yìn ìpàdé, ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. "Ẹ má bínú o," ó ní. "Ọpọlọ yín pé. Ẹ jẹ́ kí ìwé yìí wà lọ́wọ́ mi." Láti ìgbà náà, tó bá fẹ́ kí n bá òun kọ́ kíláàsì, á kọ́kọ́ yìn mí. Tó bá fẹ́ kí n bá òun máàkì ìwé ìdánwò, á yìn mí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń lọ sápá ibi tí ìyìn bá ti dún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yìí, èmi náà kò gbàgbé rẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ òkété.

Ní ọdún kẹjọ, ó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àlejò pàtàkì kan. Ìlà kẹta ni mo jókòó sí. Ó ní òun ní àlá kan. Ó ka ojú ìwé mọ́kànlá mi jáde, ó fi ọwọ́ lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, bí ẹni pé ìyá tirẹ̀ ló ni àbúrò náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. N kò la ẹnu. Àwọn àgbà ní òkété gbàgbé ìbòsí, ó dé orí àtẹ tán kó tó káwọ́ lérí. Èmi nìyẹn. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì lọ ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ní Òṣogbo. Òun náà kò sì fi àlá náà ṣe nǹkan kan. Àtẹ́wọ́ ló fẹ́.

Mo máa ń sọ èrò náà fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́dọọdún. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbàgbé. Àyàfi ọ̀kan. Ọmọ ìdílé Mùsùlùmí tó ń rán fìlà ní ìgboro Òṣogbo ni, ìka rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò nílé wọn. Ó nawọ́ sókè. "Mà, báwo ni òkété yóò ṣe mọ̀ pé òsì lẹ ní kó yà?"

Mo fi gbogbo àkókò kíláàsì yẹn dá a lóhùn, mo sì jẹ nínú ti ìṣirò tó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ ìṣirò bá mi jà.

Ọdún lọ. Mo fẹ̀yìn tì sí ilé mi ní Dàda Estate, ní Òṣogbo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọdún tó kọjá, ẹnì kan kanlẹ̀kùn géètì. Ọmọ náà ni, ó ti di dókítà ìwádìí, ó wé ìbòrí rẹ̀ dáadáa, ó gbé àgò kan dání. Ó kúnlẹ̀.

"Mà, mo mú ìdáhùn wá."

Òkété ló wà nínú àgò. Dókítà ẹranko ló ti fún un lóògùn oorun, tí wọ́n sì fi wáyà mẹ́ta tó tín-ín-rín ju irun lọ sínú ọpọlọ rẹ̀, tí ojú ọgbẹ́ sì ti jinná. Wáyà kan lọ síbi tí òkété ti ń mọ̀ ọ́n lára tí nǹkan bá kan irun gígùn ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ lápá òsì. Èkejì wà fún ti ọ̀tún. Ẹ̀kẹta lọ síbi adùn. Ohun tó ń gba àṣẹ láti inú afẹ́fẹ́ kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Bátìrì, kámẹ́rà àti ohun tó ń gba ohùn wà nínú àpò kan tó gbé pọ̀n bí ọmọ iléèwé. Tí a bá tẹ òsì lórí ẹ̀rọ bíi fóònù tó wà lọ́wọ́ wa, á ṣe é bí ẹni pé nǹkan fọwọ́ kan irun òsì rẹ̀. Tó bá yà sósì, a ó fún un ní adùn. Kò sí ẹni tó ń fi tipátipá yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun ló ń rìn.

Mo wo ẹranko náà, ó wo èmi náà. Ogójì ọdún ó lé!

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń kọ́ bí a ṣe ń darí rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Aládùúgbò mi, obìnrin ará Iléṣà tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bíi tèmi, yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ̀yin Ìyá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?"

"Òkété ni."

"Ó dáa. Ṣé ó ń dáhùn?"

"Ó ń dáhùn ju ọkọ rẹ lọ." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n wàhálà wà. Nínú yàrá ìwádìí, òkété gbọ́ràn. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó gbọ́ràn. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí oko kan ní Ìdó-Ọ̀ṣun, tí wọ́n ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ fún ìdánwò, kò gbọ́ mọ́. Á wọlé bí ìgbọ̀nwọ́ mélòó kan, á dúró, á yí padà, á sáré padà sínú àgò rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Wọ́n wo wáyà. Wọ́n fi kún adùn. Pàbó. Ìgbìmọ̀ tó máa pinnu bóyá iṣẹ́ náà yóò tẹ̀ síwájú yóò sì dé lọ́jọ́ Tuesday. Tí òkété bá kọ̀ níwájú wọn, wọ́n á gba yàrá ìwádìí náà fún ẹlòmíràn. Ọmọ mi, bí mo ṣe ń pè é láti ìgbà tó ti padà wá, ti gbé ọdún mẹ́fà lé e lórí.

Ó wá sọ ìyẹn fún mi, ó sì sọ ẹni tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọ̀gá mi àtijọ́ ni.

"Mú mi lọ sí Ìdó-Ọ̀ṣun," mo ní. "Báyìí."

Bàbá àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú àwọn òkété fún wọn, ará Òṣogbo, Mùsùlùmí tó mọ́ lọ́wọ́, tó mọ́ lọ́kàn. Ó gbé òkété jáde níṣojú mi. Mo wo ojú ẹranko náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn.

"Bàbá, kí lẹ fún un?"

"Kò ju ekùrọ́ díẹ̀ lọ, Màmá Tíṣà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí a ti ń jáde ni. Nínú yàrá wọn lọ́hùn-ún, wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n oko nìyí. Wàláì, èmi ò ní rán ẹni tébi ń pa níṣẹ́. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ó rán ọmọ yín lọ sí Iléṣà láìjẹun?"

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi. Gbogbo ìwé tí ọmọ mi kà lókè òkun, eku kékeré tí kò ní àpò lẹ́nu ni wọ́n fi kọ wọ́n. Kò sí ojú ìwé kan tó sọ ohun tí bàbá mi sọ lábẹ́ ọ̀pẹ. Mo di ẹranko náà lọ́rùn mú, mo fi àtàǹpàkò tì í lẹ́rẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ekùrọ́ mẹ́fà. A sọ ọ́ kalẹ̀. Ó yà sósì, ó yà sọ́tùn-ún, ó ṣe gbogbo ohun tí a ní kó ṣe.

Inú bí Bàbá. "Ẹ̀ṣẹ̀ ẹranko yìí ń bẹ lọ́rùn yín o." A bá a ṣàdéhùn pé tó bá ti iṣẹ́ dé, kí ó fún un ní iye tó wù ú. Ó gbà, pẹ̀lú ìkùnsínú.

Lọ́jọ́ Tuesday náà, ẹ̀bá kòtò àtijọ́ kan lẹ́yìn Iléṣà ni a pàdé. A ti gbẹ́ ọ̀nà tóóró lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, a fi pákó àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, oríta méjì ló ní. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ló yan ibi tí ẹni tí a ó wá yóò wà, èmi kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ní òun fúnra òun lòun máa wọlé.

"Ta ni yóò wá darí òkété?" ni mo bi í.

Ó gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Alága dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ àti bàtà funfun. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò darúgbó. Ó wò mí, ó wo ọmọ mi, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Háà! Ìyàwó wa! Òótọ́ ni pé tí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo ní. "Ọmọ tí mo fún lọ́mú ló ń fún mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ fún?"

Kí alága lè fi han àwọn yòókù pé òun mọ ẹranko, ó na ọwọ́ sínú abọ́ ekùrọ́ tí Bàbá tọ́jú de ìparí, ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó sì ń fún òkété lọ́kọ̀ọ̀kan. "A kì í rán ẹni tébi ń pa níṣẹ́," ó ní. Òkété ń gbà á, ó ń kó o sẹ́rẹ̀kẹ́. Ojú Bàbá là rekete. Ta ni yóò sọ fún alága pé kó dáwọ́ dúró? Mo jẹ́ kó fún un tán. Mo fẹ́ kó fún un tán.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀."

Ó sún mọ́ mi. Mo di òkété lọ́rùn mú, mo sì tì í lẹ́rẹ̀kẹ́. Ekùrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí bàtà funfun, pẹ̀lú itọ́. Bàbá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo kọ̀yìn síbẹ̀ títí ọmọ mi fi wọ abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì dá pákó bò ó, kí a tó sọ òkété kalẹ̀ lẹ́nu ihò. Lójú ẹ̀rọ, mo ń rí yẹ̀pẹ̀ àti gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, láti inú ẹ̀rọ ọwọ́ mi, jìnnà réré: kó, kó, kó. Mo ti mọ̀ pé ọmọ mi yóò fi òkúta lu òkúta. Èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ etí.

Oríta kìíní. Mo jẹ́ kí òkété yọjú sọ́tùn-ún, ariwo náà rẹlẹ̀. Ó yọjú sósì, ariwo náà ga. Mo tẹ òsì. Ó dúró. Irun imú rẹ̀ gbọ̀n lójú kámẹ́rà. Ó yà. Ìgbà yẹn ni mo fò sókè, tí mo pariwo ohun tí mo ti sọ ṣáájú. Mo fún un ní adùn, bí ẹni pé èmi gan-an ni mo ń jẹ ẹ́.

Oríta kejì, ọ̀tún. Ó yà, ó ń sáré. Kó, kó, kó ti sún mọ́ tòsí. Lójijì, ariwo náà dáwọ́ dúró.

Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Mo ti dúró nínú rẹ̀ rí, kò sì jìnnà sí ibi tí mo dúró sí yìí. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ṣọ́bìrì, kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n gbẹ́ apá òsì, kí wọ́n gbẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ohùn ọmọ mi ló jáde nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. "Mà, ó ti dé o. Ó ń fimú tọ́ mi létí."

"Alihamudulilai!" Bàbá ló kígbe. Èmi jókòó sórí yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú bùbá funfun mi, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń nu ojú. Wọ́n ṣí pákó, ọmọ mi jáde pẹ̀lú eruku lójú ìbòrí rẹ̀, ó sì dì mọ́ mi.

Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i níbẹ̀, lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Alága ló fọwọ́ sí i kẹ́yìn. Ó dé ìdérí bírò rẹ̀ padà, ó sì kọjú sí àwọn yòókù. "Mo rántí," ó ní, "pé èmi àti ìyàwó wa yìí jọ jíròrò ọ̀rọ̀ yìí láyé àtijọ́."

"A kò jọ jíròrò rẹ̀, sà," mo ní. "Mo sọ ọ́, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ẹ kà á jáde bíi tiyín. Ìlà kẹta ni mo jókòó sí."

Ohùn mi kò ga. Bẹ́ẹ̀ ni, ogójì ọdún ni mo fi ń wá ìbòsí náà, nígbà tó sì jáde, ohùn tí mo fi ń kí ènìyàn ló bá jáde. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, obìnrin kan, wò mí, ó sì fi orí dáhùn.

Alága wo ilẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó wá na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà darí rẹ̀ wò."

Ní àkókò náà, Bàbá ti gbé abọ́ ekùrọ́ kalẹ̀ fún òkété bí a ṣe ṣèlérí, òkété sì ti kó o kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Mo rí i. Mo gbé ẹ̀rọ fún alága tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó tẹ òsì. Òkété kò yà. Ó tẹ ọ̀tún. Òkété kò wẹ̀yìn. Ó tẹ ibi adùn, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹranko náà gbé ẹrù rẹ̀ kọjá láàárín bàtà funfun méjèèjì, tààrà, ó wọ inú àgò rẹ̀ lọ.

"Kò gbọ́ tèmi," ó ní.

"Ó ti ní tirẹ̀ lẹ́nu, sà," mo dá a lóhùn. "Ilé ló ń lọ."